Bí Agbẹ̀bí Ṣe Ń Bá Aboyún Sọ̀rọ̀ ní Zaria

Bíbá aboyún sọ̀rọ̀ lọ́nà tí yóò fi yé e jẹ́ ara ìtọ́jú, bí abẹ́rẹ́ àti oògùn ṣe jẹ́. Láti 1976 sí 1979, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ìbímọ 22,774 ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ìwádìí náà jáde ní 1985. Àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún ni ikú pa jù. Aboyún tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sì jágbe mọ́ kì í sábà fẹ́ padà wá fún ìtọ́jú náà.

Ní Zaria, Hausa ni ọ̀pọ̀ ìyá gbọ́. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tó ti ibòmíràn wá kọ́ ọ. Tó bá ṣàlàyé àmì ewu tán, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ dídà, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú ṣíṣú àti gìrì, “Ṣé ó yé yín?” nìkan kò tó, torí “bẹ́ẹ̀ ni” ni aboyún sábà máa ń dáhùn. Kí aboyún fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ ló dára. Ó yẹ kí ọkọ náà gbọ́ àlàyé yìí, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé, àṣẹ rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn.