Ta Ni Yóò Sọ Pé Omi Ti Mọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wa, n kò sì ní í fi agbára sọ ọ́ di tilé wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ń ṣẹlẹ̀, ní àwọn ibùdó ológun tí ìjọba ibẹ̀ ti tì pa. Ní ìpele-ìpele ni wọ́n ń tì wọ́n: ti 1988 ló ṣáájú, ti 1991, 1993 àti 1995 tẹ̀ lé e, ti 2005 ló kẹ́yìn. Àwọn ológun kó ẹrù wọn, bàálù gbéra, ilẹ̀ di ti ará ìlú, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ sórí rẹ̀. Ohun tó wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ kò bá wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ẹni tó da ìdọ̀tí sínú omi kò yẹ ní ẹni tí yóò wọn omi náà, tí yóò yan òṣùwọ̀n tí yóò fi wọ̀n ọ́, tí yóò sì tún kéde pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ lè sọ pé èyí kò tó ohun tí à ń pe àpéjọ lé lórí, pé ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, òdì kejì rẹ̀ ni òfin Amẹ́ríkà ti ń lò ní ọ̀pọ̀ ibùdó ológun láti ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Kí a tó dé ibi òfin, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń ba omi jẹ́ ní ibùdó ológun. Kì í ṣe bọ́ǹbù ló wà nídìí rẹ̀ jù. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀yà ara bàálù máa ń dọ̀tí, gírísì máa ń lẹ̀ mọ́ irin, wọ́n sì máa ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ trichloroethylene, TCE ní kúkúrú, fọ̀ ọ́ kúrò. TCE wúwo ju omi lọ. Bí ó bá jò láti inú táǹkì, á la iyanrìn kọjá, á wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀, kò sì ní í dúró níbẹ̀: á máa rì lọ títí tí yóò fi kan amọ̀. Orí amọ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn kọjá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a tilẹ̀ wọ inú amọ̀ náà lọ, nígbà tí wọ́n bá sì fọ omi òkè mọ́ tán, amọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀.

Kẹ́míkà kejì wá láti inú fóòmù ìpaná. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1967, iná ṣẹ́ yọ lórí ọkọ̀ ogun USS Forrestal, ènìyàn 134 sì kú. Ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti iléeṣẹ́ 3M ti ń ṣiṣẹ́ lórí fóòmù tuntun kan ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́yìn iná yẹn, fóòmù náà tàn dé ibùdó gbogbo. Ó tẹ́ bí aṣọ lé epo tó ń jó, ó dí ọ̀nà atẹ́gùn, iná sì kú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un ṣiṣẹ́ ni ìdílé kẹ́míkà tí à ń pè ní PFAS, tí ìdè àárín carbon àti fluorine inú rẹ̀ le débi pé oòrùn, òjò àti kòkòrò inú ilẹ̀ kò rí i tú. Àwọn pánápaná ibùdó a wa kòtò, wọn a da epo sí i, wọn a ṣáná sí i, wọn a sì fi fóòmù pa á kí ọwọ́ wọn lè mọ́ iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, ọdún kan tẹ̀ lé èkejì, inú ilẹ̀ ni fóòmù náà ń rì sí.

Bí a bá fẹ́ rí ohun tí èyí dà lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn, ibùdó Wurtsmith ló yẹ kí a wò, ní Oscoda, ìlú kékeré kan létí adágún Huron ní ìpínlẹ̀ Michigan. Bàálù B-52 ló ń gbéra níbẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń wo ara wọn lójú. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, omi kì í sì í pẹ́ rìn nínú iyanrìn. Ní 1977 ni wọ́n ti rí TCE nínú omi tí àwọn ará ibùdó fúnra wọn ń mu. Wọ́n ti ibùdó náà pa ní 1993. Ní 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Michigan rí PFAS nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i ní ìpínlẹ̀ náà. Àbàtà kan wà nítòsí kòtò ìdánrawò iná, Clark's Marsh ni orúkọ rẹ̀; ohun tó wà nínú ẹja ibẹ̀ pọ̀ débi pé ní 2012 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ní ọdún kan náà, Robert Delaney, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àjọ àyíká ìpínlẹ̀ náà, kọ ìròyìn sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò kọjá Oscoda. Ó sì kọjá Oscoda. Ní 2018, ìkìlọ̀ kan àgbọ̀nrín tó ń jẹko nítòsí àbàtà náà pẹ̀lú. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò dúró sábẹ́ ilẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ó ti dé orí àwo oúnjẹ.

Kí ni ilé iṣẹ́ ológun òfurufú ṣe? Yóò jẹ́ irọ́ bí mo bá ní wọn kò ṣe nǹkan kan. Ní 2015, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi eédú sẹ́ omi kalẹ̀ nítòsí kòtò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Michigan ṣe òfin pé ẹni tó bá ba omi kànga ará ìlú jẹ́ ní láti wá omi mìíràn fún un, àwọn ológun dáhùn pé òfin náà kò de àwọn. Ní 2020, ìpínlẹ̀ náà fi nanogram 16 nínú lítà kan ṣe òpin PFOS, ọ̀kan nínú ìdílé PFAS, nínú omi mímu. Oṣù Kẹjọ 2023 ni ilé iṣẹ́ ààbò tó wá kéde pé àwọn yóò fi kún iye omi tí wọ́n ń fà tí wọ́n sì ń sẹ́ kí ó tó ṣàn dé àbàtà àti adágún. Láti 2010 sí 2023, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Òfin ni mo fẹ́ dì mú nínú ìdádúró yìí, kì í ṣe ìwà ọ̀gágun kankan. Òfin ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ tó dọ̀tí, tí wọ́n ń pè ní Superfund, jáde ní 1980. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1986, wọ́n kọ ọ́ sí apá 120 pé òfin tó de iléeṣẹ́ aládàáni ló de iléeṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kíní 1987, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí àṣẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 12580, ó sì fi agbára tí òfin náà fún ààrẹ lé ilé iṣẹ́ ààbò lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ tiwọn. Bí ibùdó kan bá wọ àkójọ orílẹ̀-èdè fún àwọn ibi tó dọ̀tí jù, EPA, àjọ àyíká ìjọba àpapọ̀, á bá ológun yan ọ̀nà ìfọ̀mọ́, bí wọn kò bá sì gbà fún ara wọn, ọ̀rọ̀ EPA ló máa lékè. Bí ibùdó kò bá wọ àkójọ náà, ọwọ́ ológun ni ìdarí wà, ìjọba ìpínlẹ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa kọ lẹ́tà. Wọ́n dárúkọ Wurtsmith fún àkójọ náà ní 1994. Wọn kò fi sí i títí di òní.

Ẹ wá fi wé Pease, ibùdó bàálù kan ní Portsmouth, ìpínlẹ̀ New Hampshire, tí wọ́n tì ní 1991. Pease ti wọ àkójọ ní 1990. Ilẹ̀ rẹ̀ di ọgbà okòwò ńlá, ilé ìtọ́jú ọmọdé wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2014, wọ́n wọn omi kànga kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Haven, wọ́n bá nanogram 2,500 PFOS nínú lítà kan. Òṣùwọ̀n tí EPA ń lò nígbà náà jẹ́ 200. Kíá ni wọ́n ti kànga náà. Ní 2015, EPA pàṣẹ fún àwọn ológun òfurufú láti tún omi náà ṣe. Wọ́n tún un ṣe: ní 2021, kànga Haven padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú asẹ́ tuntun. Olóye kan lè dá mi dúró níbí pé àṣẹ 2015 yẹn kò ti inú Superfund wá, pé òfin omi mímu ni EPA lò, àti pé omi adágún Huron ni ọ̀pọ̀ ará Oscoda ń mu láti inú páìpù, kì í ṣe omi abẹ́ ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ìyàtọ̀ ìlú méjèèjì kò sí lórí àkójọ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà gbè mí síbẹ̀. Níbi tí aláṣẹ mìíràn ti ní ohun tó lè dì mú, òfin yòówù kó jẹ́, omi mọ́ láàárín ọdún méje. Níbi tí kò ti sí, tó jẹ́ ẹja, àgbọ̀nrín àti kànga ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ìdọ̀tí náà ń bá jà, ẹni tó jẹ gbèsè ló ń yan ọjọ́ tí yóò san án.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ológun ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́. Wọ́n ní, nígbà tí à ń da fóòmù yẹn sílẹ̀, òfin kò kọ̀ ọ́, a ò sì mọ̀. Fún ọdún 1970, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 2000, 3M kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú ṣíṣe PFOS. Fóòmù tó ní PFAS nínú ṣì wà ní ibùdó títí Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì fi ṣe òfin ní 2019, tó fi oṣù Kẹwàá 2024 ṣe gbèdéke, tó tún fi àyè ìsúnsíwájú sílẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ̀bi kọ́ ni mò ń pín. Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ lè má jẹ̀bi, kò sì tún yẹ ní adájọ́ ọ̀ràn ara rẹ̀.

Wọ́n tún ní òṣùwọ̀n EPA kò dúró lójú kan. Ní 2009, nanogram 200 nínú lítà kan ni fún PFOS. Ní 2016, ó di 70 fún PFOS àti PFOA, tí òun náà jẹ́ ara ìdílé PFAS, lápapọ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó di 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ ná owó gọbọi lórí ẹ̀rọ tí òṣùwọ̀n ọdún tó ń bọ̀ lè sọ di ahẹrẹpẹ? Àròyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò ní í fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn ló ń fa òṣùwọ̀n náà wálẹ̀. Ẹni tó ń san owó ìfọ̀mọ́ ló ń jèrè bí a bá fi òṣùwọ̀n àtijọ́ wọ̀n ọ́. Èyí gan-an ni ìdí tí yíyàn náà kò fi gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ní ológun nìkan ló lówó àti àwọn ẹnjiníà tó mọ ibi tí wọ́n ri nǹkan mọ́lẹ̀. Ó dára: kí ológun sanwó, kí wọ́n sì wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n nínú ọ̀ràn yìí. Ní ti àṣírí ààbò, mo lè fetí sí i bí ọkọ̀ ogun bá ṣì wà nílẹ̀. Ní ibùdó tí wọ́n ti sọ di ọgbà okòwò, àṣírí wo ló kù? Àtakò tó wọ̀ mí lára jù ni pé bí aláṣẹ bá di méjì, ìwé á pọ̀, agbẹjọ́rò á jẹun, omi á sì wà bó ṣe wà. Ó ń ṣẹlẹ̀. Fort Ord ní California wọ àkójọ ní 1990, wọ́n tì í ní 1994, yunifásítì kan ti wà lórí díẹ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ láti 1995, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fọ TCE kúrò nínú omi rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí wọ inú ọ̀rúndún yìí. Nítorí náà, mi ò ṣèlérí pé yóò yá.

Ìdí tí n kò fi yí èrò mi padà wà nínú bí iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ fúnra rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n á gbẹ́ kànga, wọ́n á fa omi tó dọ̀tí sókè. Bí ó bá jẹ́ TCE, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, kẹ́míkà náà á bá atẹ́gùn lọ. PFAS kì í bá atẹ́gùn lọ. Eédú ni wọ́n ń fi mú un, eédú náà á sì kún, wọ́n á lọ jó o tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí náà kì í kú, ó kàn ń ṣípò ni. Bí ẹ̀rọ bá ń fà, iye tí à ń wọ̀n a máa wálẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá wá pa ẹ̀rọ náà, ohun tó sá pamọ́ sínú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, iye náà á tún gòkè. Èyí já sí pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kú ni omi máa ń dára jù lójú ìwé. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtilọ kò nílò láti purọ́. Kó ṣáà ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó máa mu omi náà ló nílò ìwọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rọ ti kú. Ìwọ̀n méjèèjì jẹ́ òótọ́, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan kò sì lè sọ èyí tí a ó pè ní òpin iṣẹ́. Aláṣẹ ló ń yàn án.

Apá 120 òfin náà ní ìlérí kan tí n kò tíì mẹ́nu bà: bí ìjọba àpapọ̀ bá ń gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé bí ìdọ̀tí mìíràn bá tún jáde lọ́jọ́ iwájú, àwọn ni yóò padà wá tún un ṣe. Ìlérí gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ kànga àyẹ̀wò, kó máa wọn omi rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun ti lọ, kó ní owó tí yóò fi ṣe é láì tọrọ lọ́wọ́ wọn, kó sì ní agbára láti pè wọ́n padà. Ní Oscoda, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ló wọ̀n ọ́n ní 2010. Wọ́n rí ìdọ̀tí náà, wọ́n pe ẹni tó dà á sílẹ̀, àṣẹ láti mú un dáhùn ni wọn kò ní.