Woolwich àti Àròyé Ẹ̀rọ

Ìtàn tí mo gbé wá lálẹ́ yìí kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Woolwich tí a ń gbé yìí, ọmọ arọ̀bọn-rọ̀gbá, ìlú tó jókòó ti Thames tí ọkọ̀ ń wá kí, kò lè pìtàn ara rẹ̀ tán kó má kan ogun kó má kan ọba. Ìtàn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣàròyé ni mo fẹ́ sọ, àti bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti gbọ́ àròyé náà yé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yóò tètè mọ ibi tí mo ń lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ kan bá kọ̀ láti jí, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, ẹni tó mọ iṣẹ́ a tú ìdérí rẹ̀, a wá ojú ihò kékeré tàbí ìlà irin wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, èyí tí a ń pè ní pọ́ọ̀tù, a so wáyà mọ́ ọn, a sì fi kọ̀ǹpútà mìíràn tẹ́tí sí i. Èsì tó máa ń jáde níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò lọ́yàyà: pé ohun kan kò dáhùn, pé àkókò ti kọjá, pé lẹ́tà kan kò pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ka gbólóhùn náà bí ìdájọ́ adájọ́ àgbà, wọn a sì gbé ẹ̀rọ tí ì bá yè lọ sórí ààtàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí pọ́ọ̀tù rí láti ibi tí ó dúró sí nìkan ló lè sọ. Àìsàn gan-an lè wà ní ibi tó jìnnà réré sí i. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àwọn tó sì kọ́kọ́ fi ìyà kọ́ bí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń di odindi, ní bèbè odò tiwa yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí Woolwich Common. Ilé ńlá tó dúró síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn Queen Elizabeth, ni Royal Military Academy, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di ọ̀gá oníbọn ńlá àti ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tẹ́lẹ̀. Inú Arsenal, ibi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ní Woolwich, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1741, ó ṣí lọ sí Common ní 1806, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1939. Olùkọ́ ìṣirò kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Samuel Hunter Christie. Ní 1833, ọkùnrin yìí ṣàlàyé ọgbọ́n kan: ó to wáyà mẹ́rin ní igun mẹ́rin, ó jẹ́ kí iná mànàmáná wọlé ní igun kan kó sì jáde ní igun tó dojú kọ ọ́, ó wá fi ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ sáàárín igun méjì tó kù. Bí ìpín tó wà láàárín ìdènà wáyà méjì ọ̀nà ọ̀tún bá bá ti wáyà méjì ọ̀nà òsì mu, abẹ́rẹ́ a dúró jẹ́ẹ́. Bí kò bá bá a mu, abẹ́rẹ́ a yẹ̀ síbì kan. Ẹni tó bá ti mọ ìdènà wáyà mẹ́ta lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ti ìkẹrin tí kò mọ̀, kódà bí ìkẹrin náà bá gùn dé ibi tí ojú rẹ̀ kò lè dé. Ọdún 10 lẹ́yìn náà ni Charles Wheatstone gbé ọgbọ́n yìí jáde fún aráyé, ó sì jẹ́wọ́ pé Christie ló ni ín, ṣùgbọ́n afárá Wheatstone ni gbogbo ayé sọ ọ́ títí dòní olónìí. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí díẹ̀ nítorí ìlú wa.

Nígbà tí Christie kọ̀wé rẹ̀, ta ló mọ ohun tí wọn ó fi ṣe? Ọdún 1858 ló fi hàn. Lọ́dún náà ni wọ́n tẹ́ okùn wáyà sábẹ́ Òkun Àtìláńtíìkì láti Ireland dé Newfoundland, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ilé Glass, Elliot ní Greenwich, ní òkè odò níhìn-ín, tí ìdajì kejì sì jẹ́ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní Birkenhead. Kò sì sí ẹni tó kíyè sí i títí wọ́n fi hun wọ́n tán pé irin ara ọ̀kan yí sí ọ̀tún, ti èkejì yí sí òsì. Ọba Victoria fi ọ̀rọ̀ 98 kí ààrẹ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà sì gba wákàtí 16 kó tó parí. Àròyé okùn náà nìyẹn, àbí kí ni? Ó ń sọ pé ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n Wildman Whitehouse, oníṣẹ́ abẹ tó di ọ̀gá iná mànàmáná iṣẹ́ náà, gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀lẹ tó yẹ kí a na ní pàṣán. Ó da iná tó tó 2,000 volt sínú rẹ̀, nígbà tí oṣù Sẹ́tẹ́ńbà sì wọlé, okùn ti dákẹ́. Owó ńlá rì sísàlẹ̀ òkun. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn náà gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1861, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti mọ̀ pé wíwọn okùn ṣe pàtàkì bí híhun ún, láti inú ilé iṣẹ́ títí dé inú òkun.

Ní 1863 ni àwọn Siemens, tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti Jámánì, dá ilé iṣẹ́ okùn sílẹ̀ lẹ́bàá odò ní Woolwich, níbi tí Warspite Road wà lónìí, tí kò jìnnà sí ìdènà omi Thames. William ló ń ṣe olórí níhìn-ín, Werner wà ní Berlin. Wọn a fi oje igi gutta-percha bo bàbà, wọn a fi irin hun ara rẹ̀, wọn a sì ká okùn náà sínú àgbá omi ńlá, kì í ṣe láti tù ú lára, bí kò ṣe kí ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ lè tú ara rẹ̀ fó: bí omi bá rí ihò náà wọ̀, iná a gba ibẹ̀ sá lọ, abẹ́rẹ́ tó wà lórí tábìlì a sì mira. Ọdún 1874 ni ọkọ̀ wọn, Faraday, bọ́ sómi, ọkọ̀ tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọra kó lè ká okùn láìyídà.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àròyé náà. Ká ní okùn kan gùn ní máìlì 100, tí ìdènà máìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 ohm, a jẹ́ pé ìdènà gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,000. Lóru ọjọ́ kan, iṣẹ́ kò kọjá mọ́. Ọ̀gá tó wà ní èbúté lo afárá Christie, ó bá 460. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ni, yóò pariwo pé máìlì 46 ni okùn ti bàjẹ́, kí ọkọ̀ máa lọ. Àgbà a ní kó ṣe sùúrù, nítorí ojú egbò náà fúnra rẹ̀ ní ìdènà tirẹ̀, ó sì ti fi kún iye tí a rí; agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn a wá ọ̀nà ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní èbúté kejì pé kó wọn tirẹ̀, òun náà a bá 660. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó di 1,120, èyí tó fi 120 ju ìdènà okùn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì la ka egbò náà, nítorí náà 60 ni tirẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 460, ó ku 400, egbò sì wà ní máìlì 40. Máìlì mẹ́fà ni irọ́ tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ì bá pa, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà kò sì ṣèké: ohun tó rí gan-an ló wí.

Ní 1886 ni irú okùn bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó, tí ìròyìn tí ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bá ọkọ̀ rìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ àwọn tó ń wọn okùn kò sì tán títí dòní. Nígbà tí okùn mẹ́rin já ní àgbègbè omi Abidjan ní March 14, 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dá ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n rán lọ nínú okùn dípò iná mànàmáná, wọ́n ka ìgbà tí ó fi padà, wọ́n sì fi mọ ibi tí egbò wà.

Ilé iṣẹ́ Siemens kò pẹ́ láyé tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. AEI rà á ní 1955, ilé ńlá mìíràn gbé AEI mì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn Woolwich pa ní 1968, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará ilé àkọ́kọ́ wọ Thamesmead, lórí irà tí Arsenal fi ń dán ìbọn wò tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, tí wọ́n ń se ẹ̀fọ́ rírò tí òórùn rẹ̀ ń gba fèrèsé jáde.

Ṣùgbọ́n àròyé okùn kò kú; inú kọ̀ǹpútà ló wọ̀. Nígbà tí tẹlifóònù kò ì tí ì gbilẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé lórí wáyà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Creed ń ṣe ní Croydon, ń fi iná dúró lójú wáyà nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé wáyà wà láàyè. Bí iná bá lọ fún àkókò tó ju ti lẹ́tà kan lọ, a jẹ́ pé wáyà ti já. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n gbé lọ sínú pọ́ọ̀tù tí ìlànà RS-232 ti 1960 là kalẹ̀. Chip tí wọ́n ń pè ní 8250, tí wọ́n lò fún pọ́ọ̀tù IBM PC tó jáde ní 1981, ní ibi tó ń kọ àròyé rẹ̀ sí, ọ̀kan nínú wọn sì ni "break", tó túmọ̀ sí pé ìlà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn méjì mìíràn kò le: ọ̀kan ni pé lẹ́tà tuntun dé kí wọ́n tó gbé ti àkọ́kọ́, èkejì ni pé iye ení inú lẹ́tà kò bá àdéhùn mu.

Èyí tó ń tan àwọn ènìyàn jù ni "framing error". Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní àmì ìbẹ̀rẹ̀ kan, ara rẹ̀ mẹ́jọ, àti àmì ìparí kan. Pọ́ọ̀tù tó ń gbà á a bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti àmì ìbẹ̀rẹ̀, a máa wo àárín àkókò àmì kọ̀ọ̀kan bí àdéhùn eré wọn, bí ó bá dé ibi tó yẹ kí àmì ìparí wà tí kò bá a níbẹ̀, a ké. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ àmì 115,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ẹni tó ń gbọ́ ń retí 9,600. Ara àwọn méjèèjì yá. Eré wọn ni kò bára dọ́gba. Síbẹ̀ mélòó ni a ti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ nù?

Pọ́ọ̀tù JTAG tó di ìlànà ní 1990 le díẹ̀ ju èyí lọ. Inú chip ló ń wọ̀ tààrà, ohun tó sì kọ́kọ́ máa ń béèrè ni nọ́ńbà orúkọ chip náà, ibi 32, tí àwọn tó gbé ìlànà kalẹ̀ ti pinnu pé ibi àkọ́kọ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ení nígbà gbogbo, kí òdo lásán má lè dà bí orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ení lásán kì í ṣe orúkọ chip kankan. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá sọ fún yín pé òdo ni gbogbo rẹ̀, tàbí pé ení ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe chip ló sọ̀rọ̀. Wáyà òfìfo lẹ ń gbọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ a kọ́kọ́ fi míta wọn iná tó ń wọ pátákó, a wò bóyá wáyà ilẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé, a wò bóyá wọ́n ti tẹ chip mọ́lẹ̀ kó má jí, a dín eré pọ́ọ̀tù kù, kó tó tún béèrè. Bí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àwọn tó ṣe chip náà bá wá jáde, a jẹ́ pé etí ti kan ẹnu, àròyé yòówù tó bá tẹ̀ lé e ló tó ṣeé gbọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àkókò ti sún mọ́lé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sí Warspite Road, láti sọ bí àwọn Siemens Brothers ṣe sọ ọgbọ́n okùn di páìpù epo tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ omi lọ sí Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó dàárọ̀ o.