Ẹ Wọn Odò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ wa tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́, ata, ilá àti tòmátì sí àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe ti ara mi. Ní abúlé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni mo gba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń fa omi. Wọ́n ra mẹ́ta. Kò pé oṣù kan, odò kò ṣàn dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ata àwọn ará ìsàlẹ̀ ti tanná, ó sì gbẹ mọ́ ìdí. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu, wọ́n yọ àdá síra wọn. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Èmi tí n kò wọn odò ni mo jẹ̀bi.

Báwo ni a ṣe ń wọn odò kékeré? Nígbà tí omi bá fà jù lọ, ẹ fi amọ̀ dí i, kí ẹ ki páìpù kan sí i, kí gbogbo omi máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé garawa lítà 20 sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo aago. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 120 ni odò yín ń mú wá ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe lítà 7,200 ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tí ó bá ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi ẹlòmíràn ni ó ń fà. Ẹ má sì fa gbogbo rẹ̀ tán.

Bẹ́ẹ̀dì tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, nǹkan bí lítà 50 tó o lóòjọ́. Agolo ìbomirin lítà 10 márùn-ún nìyẹn. Bí omi bá pọ̀ jù, ilẹ̀ ni yóò gbé e mì, yóò sì gbé ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà lọ.

Ẹ tún kíyè sí ìwọ̀nyí:

1. Ẹ bomi rin ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Omi ọ̀sán, oòrùn ni ó ń mu ún.

2. Ẹ fi koríko gbígbẹ tí kò ní èso bo ilẹ̀ láàárín irúgbìn, kí ọ̀rinrin má baà tètè lọ.

3. Ẹ wa ilẹ̀ jìn tó ìka kan, kí ẹ fún un lọ́wọ́. Bí ó bá lẹ̀ pọ̀, kò tíì tó àkókò ìbomirin.

4. Ẹ má gé igi etí odò. Ẹ má sì fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi fọ́n oògùn apakòkòrò sínú odò.

Ní abúlé tí mo wí, àwọn àgbà ni wọ́n parí ìjà náà. Wọ́n ta ẹ̀rọ kan. Ará òkè ń fa omi ní òwúrọ̀, ará ìsàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, wọ́n a pààrọ̀.

A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìtó omi a máa sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ wọn odò yín, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ tó dáwó ẹ̀rọ tuntun.

Ó dìgbà kan ná. Oko á dára o!