Ẹ Tẹ́tí sí Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Kí Ẹ Tó San Owó

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, tí ẹ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ yìí lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kú akitiyan. Ẹ rọra kà á. Kò sí ẹni tí ń lé yín.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Kì í ṣe mọ́tò kékeré. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni, irú Mercedes tàbí BMW tí àwọn òyìnbó ti lò ní Jámánì, ní Bẹ́ljíọ̀mù tàbí ní Faransé, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sí Kùtọnú. Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń pè é.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Àgbẹ̀ ni mí. Kí ni ó kàn mí nínú ọkọ̀ ọlọ́lá?" Ó kàn yín. Mo mọ àwọn àgbẹ̀ kajú méjì ní agbègbè Ṣábẹ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Wọ́n kó owó ìkórè ọdún méjì jọ, wọ́n lọ sí Kùtọnú, wọ́n ra ọkọ̀ dúdú ńlá kan tí wọn yóò máa fi kó èrò. Awọ ni ìjókòó rẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tí ó tà á fún wọn tan rédíò inú rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n gbọ́ bí ó ti ń kọrin. Wọ́n gbọ́ orin. Wọn kò gbọ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà Ìdáàṣà, tí wọ́n pa rédíò, wọ́n gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn: wííí, bí ẹ̀fọn ńlá. Àbúrò ní táyà ni. Ẹ̀gbọ́n ní títì ni. Kò pé oṣù mẹ́rin tí irin ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi gan, kò yí mọ́, ọkọ̀ sì dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Owó tí mẹkáníìkì béèrè lé ní ìdajì owó tí wọ́n fi rà á. Abẹ́ igi kajú ni ọkọ̀ náà wà títí di òní, adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí ó ti gbó, owó rẹ̀ máa ń wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ohun èlò rẹ̀ kì í bá a wá sílẹ̀. Jíà ọkọ̀ olówó, owó ọkọ̀ olówó ni wọ́n fi ń tà á. Nítorí náà, etí ni kí a kọ́kọ́ mú lọ sí ọjà mọ́tò, kí ojú tó tẹ̀lé e.

Àwọn tí ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá, etí ni wọ́n fi ń dán an wò. Ní ọdún 1958, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Ogilvy kọ ìpolówó fún Rolls-Royce, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 96 ní wákàtí kan, aago inú rẹ̀ ni ohun tí ń pariwo jù. Nínú ìpolówó kan náà, ó sọ pé àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ náà ń lo ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ àyà aláìsàn, kí wọ́n lè gbọ́ bóyá irin tí ń yí táyà ń hu. Ẹ wò ó! Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ tuntun fi etí sí i bíi dókítà. Àwa tí a fẹ́ ra èyí tí ó ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ó ha jẹ́ kí wọ́n fi rédíò bo ohùn rẹ̀ bí?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí agbára ṣe ń rìn nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣe agbára. Ó gbé e fún jíà, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní vitesse. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bọ̀gìnnì, jíà gbé e fún ọ̀pá irin gígùn tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Ọ̀pá náà gbé e fún àpótí irin tí ó wà láàárín àwọn táyà ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì ń pe àpótí náà ní pont. Pont ni ó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti táyà òsì. Ó dà bí ìgbà tí ilé ń jó, tí a ń gbé omi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ibi tí ọwọ́ kan bá ti rọ, ibẹ̀ ni omi yóò dà sí. Ní ti ọkọ̀, ariwo ni yóò ti ibẹ̀ wá.

Ìbéèrè kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ. Ariwo tí ẹ gbọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì ni ó ń tẹ̀lé, tàbí táyà? Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú kan, kí ó má wà nínú jíà, kí awakọ̀ rọra tẹ iná. Bí ariwo bá ń pọ̀ sí i, ibi ẹ́ńjìnnì ni àrùn wà, tàbí ohun tí ó so mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ nígbà tí ó dúró, ṣùgbọ́n tí ó ń hu nígbà tí ó ń rìn, ẹ wá a níbi ọ̀pá, pont àti táyà. Ẹ tún lè lọ sí ọ̀nà tí ó tẹ́jú tí kò sì sí ènìyàn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn díẹ̀, kí awakọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí ó jẹ́ kí ó máa yí lọ. Kí ó má pa ẹ́ńjìnnì o! Ẹni tí ó bá pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn, bíréèkì yóò le mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, volant sì lè há. Bí ariwo kò bá yí padà nígbà tí ọkọ̀ ń yí lọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá gbọ́ hùùù tí ń yí padà nígbà tí ọkọ̀ bá ya, roulement táyà ni ó sábà máa ń jẹ́. Roulement ni òrùka irin tí ó ní ọmọ irin róbótó nínú, tí táyà ń yí lé lórí. Nígbà tí a bá ya sí òsì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Nítorí náà, bí hùùù bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ ya sí òsì, táyà ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn kan ń ṣe òdìkejì rẹ̀, wọn a sì pààrọ̀ èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Táyà tí kò jẹ dọ́gba náà máa ń hu bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa á. Bí ó bá rí bí eyín ayùn, ẹ pààrọ̀ táyà ná, kí ẹ tó na owó lórí roulement.

Wííí ńkọ́? Bí ó bá ń dún nígbà tí a tẹ iná, tí ohùn rẹ̀ sì ń yí padà nígbà tí a gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ fura sí pont. Ó lè jẹ́ pé eyín irin inú rẹ̀ ti jẹ, tàbí pé òróró rẹ̀ ti jò tán. Ohùn tí àwọn ará Ṣábẹ wa gbọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà ní Kùtọnú, wọn ì bá ti rí ibi tí òróró ti rin ín gbindin.

Kọ̀-kọ̀-kọ̀ nígbà tí a bá yí volant dé òpin, tí ọkọ̀ sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, cardan ni. Ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo rọ́bà tí ó bò ó. Bí ó bá ti ya, gíríìsì ti jáde, iyanrìn ti wọlé.

Gbì! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a bá fi ọkọ̀ sí jíà, tàbí tí a bá yí i láti iwájú sí ẹ̀yìn: nǹkan kan ti tú tàbí ó ti jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ Mercedes àti BMW tí táyà ẹ̀yìn ń tì, rọ́bà róbótó kan wà tí ó so ọ̀pá gígùn mọ́ jíà. Ogbó àti ooru máa ń là á. Bí ó bá ti là, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n. Owó rọ́bà náà kò tó owó ohun tí yóò bà jẹ́ bí ó bá já lórí eré.

Bí ọkọ̀ bá ní embrayage, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ dúró. Ariwo tí ó bá dé nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, roulement embrayage ni. Èyí tí ó bá lọ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, inú jíà ni kí ẹ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bọ̀gìnnì kò ní embrayage, jíà wọn ń yí fúnra rẹ̀. Pupa ni òróró irú jíà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí ó bá ti dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tí ó jóná, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Kò sí ẹ̀dínwó tí ó tó owó jíà náà.

Ó ku ara ọkọ̀. Ike iwájú awakọ̀ lè máa ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ olówó ńlá pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ó ń bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n kì í dá ọkọ̀ dúró. Kí ẹnìkan fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ike náà nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ti mọ ibi tí ó ti ń ké, ẹ óò sì lè gbọ́ àwọn ohùn abẹ́ ọkọ̀ dáadáa.

Ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Bí ó bá fẹ̀ lókè tí ó sì há nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọn kò so ó dáadáa láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti tòkúnbọ̀, ẹ kọ́kọ́ rò pé ó ti forí gbá nǹkan rí. Ẹ mú òòfà kékeré lọ, ìyẹn irin tí ń fa irin. Ẹ lè rí i nínú rédíò tí ó ti bàjẹ́. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, mastic lè wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀. Àmọ́ bí gbogbo ìdérí ẹ́ńjìnnì kò bá fà á, alumíníọ̀mù lè ni, kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tàbí tí ìsàlẹ̀ ìjókòó ti dípẹtà, omi ti wọ ọkọ̀ náà rí. Ní ti Mercedes oníná róbótó mẹ́rin tí wọ́n ṣe láti 1995 sí 2002, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ìpẹtà. Ibi tí sípíríǹgì iwájú rẹ̀ fi ẹsẹ̀ lé lè jẹrà. Ẹ má rà á láìwo ibẹ̀.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹnìkan ti tan án ṣáájú yín, nítorí àwọn ariwo kan wà tí ẹ́ńjìnnì máa ń pa nígbà tí ó tutù nìkan. Kí ẹ sì mú ìwé àti bírò dání. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ti wúlò. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ó ń dún wííí. Ọkọ̀ ń rìn. Ẹsẹ̀ wà lórí iná. Ẹ̀yìn ni.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ẹ bá fi ìwé yìí lé lọ́wọ́ kò ní lọ máa tú ẹ́ńjìnnì yín lásán. Bí ẹni tí ń ta ọkọ̀ bá sì kọ̀ láti pa rédíò, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o.