Ojú Tí A Fún Ẹ̀rọ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìríran Kọ̀ǹpútà

 

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀, nítorí àwọn tí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣàjèjì sí ni mo rí níwájú mi. Ìríran kọ̀ǹpútà ni ìmọ̀ tí a fi ń kọ́ ẹ̀rọ láti wo àwòrán, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, àwòrán kò ju nọ́ńbà lọ: onígun mẹ́rin kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń gba nọ́ńbà láti 0, tí í ṣe dúdú, títí dé 255, tí í ṣe funfun, bí àwòrán náà kò bá ní àwọ̀ mìíràn. Ní ọdún 1957, ní Amẹ́ríkà, Russell Kirsch mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ oṣù mẹ́ta, ó fi ẹ̀rọ tú u sí píksẹ́lì 176 ní ìbú àti 176 ní òró, ó sì kó o sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà gba àwòrán náà mọ́ra tinútinú, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọmọ ni. Àlejò lójú, kò fi í ríran.

Bí a ó ti ṣe yọ ẹ̀rọ kúrò ní ipò àlejò yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa onímọ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè láti dúró díẹ̀ lórí ìjà náà, nítorí ojú mi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe.

Apá kan sọ pé òfin ni kí a kọ fún ẹ̀rọ. Ní 1963, Lawrence Roberts, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT, kọ́ kọ̀ǹpútà láti wá etí àwọn ohun onígun nínú fọ́tò, kí ó sì ti ibẹ̀ ṣírò bí wọ́n ti rí ní ìbú, ní òró àti ní jíjìn. Ọkàn wọn balẹ̀ débi pé, ní 1966, Seymour Papert ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà gbé iṣẹ́ kalẹ̀ pé kí a fi ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo kọ́ apá tí ó jọjú nínú ìríran; ẹ̀ẹ̀rùn náà lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tẹ̀lé e, iṣẹ́ kò tán. Lẹ́yìn wọn ni David Marr dé, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, tí ikú mú lọ ní ẹni ọdún 35 ní 1980, tí ìwé rẹ̀ lórí ìríran sì jáde ní 1982 nígbà tí kò sí láyé mọ́. Marr ní kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìríran wà fún, kí a tó béèrè bí ọpọlọ ti ń ṣe é.

Apá kejì ní rárá, àpẹẹrẹ ni kí a fi kọ́ ọ, bí a ti ń kọ́ ọmọ. Àwọn wọ̀nyí fi ẹ̀yìn ti iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ méjì, Hubel àti Wiesel, tí wọ́n ti fi hàn láti 1959 pé nínú ọpọlọ ológbò, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kì í jí àfi bí ojú bá rí ìlà tí ó dà sí ọ̀nà kan pàtó, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1981. Fukushima ará Jàpáánì gbé ẹ̀rọ tí ó ń ṣe bí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kalẹ̀ ní 1980; ní 1989, Yann LeCun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Labs kọ́ irú rẹ̀ láti ka nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ kọ sára lẹ́tà. Fèrèsé kékeré kan ni ẹ̀rọ náà ń gbé kọjá lórí gbogbo àwòrán, ó ń wá ìlà. Nínú ìlà ni ó ti ń rí ìtẹ̀kọrọ̀, nínú ìtẹ̀kọrọ̀ ni ó ti ń rí etí àti imú, kò sì sí ẹni tí ó kọ òfin kankan fún un. Ní 2012, Krizhevsky, Sutskever àti Hinton mú irú rẹ̀ lọ sí ìdíje tí a fi àkójọ àwòrán tí à ń pè ní ImageNet ṣe, níbi tí ẹ̀rọ ti lè dárúkọ márùn-ún fún àwòrán kọ̀ọ̀kan: nínú 100 àwòrán, tiwọn ṣìnà ní nǹkan bí 15, ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ṣìnà ní nǹkan bí 26. Ìjà parí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kò parí lójú tèmi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò ka ojú ewé kan nínú ìwé Marr rí pé òun àti Roberts ṣiṣẹ́ lásán, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí wọ egungun. Nígbà tí a bá fi fọ́tò tí a yà láti òfurufú ṣe máàpù ilẹ̀, ta ni ń wọn gíga òkè bí kò ṣe irú ìṣirò onígun tí àwọn àgbà wọ̀nyí lò? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Èyí tí ó wá burú jù ni pé ìjà náà gbàgbé ẹnì kan, ẹni tí ó kó àpẹẹrẹ jọ. ImageNet tí Fei-Fei Li àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009 wá lé ní mílíọ̀nù 14 àwòrán nígbẹ̀yìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri ayé jókòó tì, tí wọ́n sì sọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú 100 àwòrán rẹ̀, ó ju 45 lọ tí ó wá láti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, nígbà tí a fi ìyàwó aláṣọ funfun han irú ẹ̀rọ tí ó ti inú rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́, ó ní ìyàwó ni. Nígbà tí a fi ìyàwó ará Íńdíà hàn án nínú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó ní aṣọ eré ni. Ẹni tí ó kó àpẹẹrẹ jọ ni ó fún ẹ̀rọ lójú.

Baba mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, àgbẹ̀ ni, a sì máa dúró ní etí oko kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ó tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ kan láàrin ọ̀pọ̀ pé àìsàn ti ń bọ̀ lára èyí, ewé rẹ̀ ti ń ká kò, ó sì ti ń pọ́n ní àbùlà. Àrùn tí eṣinṣin funfun kéékèèké ń gbé kiri, tí igi ẹ̀gẹ́ tí a gé gbìn sì ń gbé dé oko tuntun, ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìmọ̀ yẹn ti wọ inú fóònù. Yunifásítì Penn State àti IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ nílùú Ìbàdàn ní 1967, pawọ́ pọ̀ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Nuru: àgbẹ̀ yóò na fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, fóònù yóò sì sọ àrùn tí ó rí, kódà bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ó mú un ṣeé ṣe? Oko ẹ̀gẹ́ ní Tànsáníà ni àwọn ènìyàn wọ̀ láti ya ewé tí ó dá àti èyí tí ó ṣàìsàn, tí àwọn tí ó mọ àrùn náà sì sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ ń fi òru gba iṣẹ́ ẹlòmíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ń yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ sì ń sọ pé ẹ ti kọ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí ẹ lọ sí oko lọ ya ewé, oòrùn a di ọ̀tá yín. Ẹnikẹ́ni kò ní bá wa ya ewé ewúro àti ewé kókò wa.

Alága ti ń wo aago, n ó sáré. Ní ìṣègùn, a ti kọ́ ẹ̀rọ láti wo fọ́tò ẹ̀yìn ẹyinjú, kí ó sì mọ̀ bí àtọ̀gbẹ ti ń ba ojú jẹ́. Ní ìdìbò Nàìjíríà ní 2023, ẹ̀rọ BVAS fi ìka àti ojú dá olùdìbò mọ̀.

Ní ti ojú, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò ní 2018 lórí dídá ọkùnrin mọ̀ yàtọ̀ sí obìnrin: lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, èyí tí ó ṣe tì jù kò ṣìnà ju 0.8 nínú 100 lọ; lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe náà dé 34.7. Ọlọ́pàá tí ó bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mú ènìyàn láìṣe ìwádìí mìíràn ti ṣe ìkà.

Ó ku ìwé kíkà. Kí Henry Townsend tó tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859 pàápàá ni a ti ń tẹ Yorùbá, síbẹ̀ bí a bá fún ẹ̀rọ ní ìwé wa àtijọ́ kà, ó sábà máa ń gbé àmì ohùn mì, kí ó sì sọ ẹ di e, ọ di o. Oògùn rẹ̀ kò ju pé kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà jókòó ti ojú ewé náà, kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo, kí a sì fi àwòrán àti ohun tí wọ́n tẹ̀ náà kọ́ ẹ̀rọ. Mo ti bá àwọn alábòójútó ilé ìkàwé sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ó tó jáde.