Obìnrin Ọjà àti Ọ̀rọ̀ Àlàáfíà

 

Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú, ọjà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tì, ẹrù wa ni iná ń jó. Ṣùgbọ́n tó bá di pé kí wọ́n parí ìjà náà, àwọn ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń pè jókòó. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn obìnrin ṣe ní Làìbéríà.

Ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1989, kò sì tán pátápátá títí di 2003. Lọ́dún 2003 yìí, Leymah Gbowee àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí pápá kan lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, lójú ọ̀nà tí Charles Taylor, ààrẹ wọn nígbà náà, ń gbà kọjá. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n, wọn ò kúrò. Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní oṣù kẹfà, àwọn kan nínú wọn bá a lọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ogun ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ bọ́ǹbù ń bọ́ lu àwọn ará ilé! Ní oṣù keje, àwọn obìnrin yìí jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹnì kankan ò ní jáde. Wọ́n fẹ́ mú Gbowee, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́; ọmọ wo ló fẹ́ rí ìhòòhò ìyá rẹ̀? Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ọmọ Nàìjíríà tiwa tó jẹ́ alárinà, ló wá pẹ̀tù sí i. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 18, oṣù kẹjọ.

Ibi tó wù wá jù rèé: wọn ò torí pé ìwé ti jáde kí wọ́n lọ sùn. Nígbà tí ìbò 2005 ń bọ̀, tí àwọn ọlọ́jà ò lè fi àtẹ sílẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, àwọn obìnrin mìíràn bá wọn jókòó ti ọjà, wọ́n bá wọn gbé ọmọ, kí wọ́n lè lọ. Ìbò yẹn náà ló gbé Ellen Johnson Sirleaf wọlé, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ṣe ààrẹ ní Áfíríkà.

Ní tiwa, nígbà tí àwọn awakọ̀ àti àwọn alábàárù jà kẹ́yìn, wọ́n parí ẹ̀ láìpe ẹyọ ẹnì kan nínú wa, àwa tí wọ́n fọ́ àtẹ wa. Ìyẹn ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí ẹlẹ́ja, aláṣọ, ẹlẹ́pa, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yan obìnrin kan, kí Ìyálọ́jà lè mú orúkọ wọn lọ sí ààfin. Ẹ mú orúkọ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ sì tún yan ẹni tí yóò máa bá wọn tajà lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ jókòó.