Róbótó Orí Máàpù, Kí Ló Ń Sọ?



Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà. Yunifásítì Johns Hopkins l'Amẹ́ríkà gbé máàpù kan jáde. Róbótó pupa ló wà lórí rẹ̀. Ibi tí àrùn bá ti pọ̀, róbótó ibẹ̀ á tóbi. Mo tún un sọ: ibi tí nǹkan bá ti pọ̀, róbótó ibẹ̀ á tóbi.

Irú máàpù yìí wúlò fún wa gan-an. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá kàn fi ọ̀dà kun máàpù, Èkó á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ẹ gbé róbótó lé e, kíá lẹ ó rí èrò tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo ọpọ́n róbótó méjì tí wọ́n fi ń pàtẹ ọsàn. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ọsàn tó máa gbà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin! Nítorí náà, lórí máàpù, bí èrò ìpínlẹ̀ kan bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti òmíràn, kí róbótó rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì péré. Ẹni tó bá mú un fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti tan aráàlú jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá rí irú máàpù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ iye tí ìwọ̀n róbótó dúró fún sí.